Na Woon-gyu: Òṣèré Kòríà tó fi fíìmù kan ṣoṣo pa odidi ìlú lẹ́kún

Àwọn tó fẹ́ràn fíìmù Kòríà ti pọ̀ gan-an nílẹ̀ wa báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ mọ orúkọ àwọn òṣèré ibẹ̀ bí ẹní mowó, àwọn kan sì lè jókòó ti ìtàn kan láti alẹ́ mọ́jú láìsùn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi wọ́n léèrè ẹni tó kọ́kọ́ la ọ̀nà tí àwọn gbajúmọ̀ wọ̀nyí ń rìn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní lè sọ.

Orúkọ ọkùnrin náà ni Na Woon-gyu. Ní Kòríà, orúkọ ìdílé ló máa ń ṣáájú, nítorí náà Na ni orúkọ ilé baba rẹ̀. Kò sí tẹlifíṣàn ní Kòríà nígbà ayé rẹ̀. Fíìmù tí kò ní ohùn ló fi bẹ̀rẹ̀, ọdún bíi mẹ́tàlá péré ló sì lò nídìí iṣẹ́ náà kó tó kú lọ́mọ ọdún 34. Síbẹ̀, láàrin ọdún mẹ́tàlá yẹn, ó ṣe òṣèré, ó kọ ìtàn fíìmù, ó darí fíìmù, ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó lówó, owó sì tún tán lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn gbé e gẹ̀gẹ̀, wọ́n sì tún pẹ̀gàn rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀bá odò

Ọjọ́ 27, oṣù Kẹwàá, ọdún 1902 ni wọ́n bí Na ní Hoeryong, ìlú kan ní ìpẹ̀kun àríwá Kòríà, létí odò Tumen. Téèyàn bá ti ré odò náà kọjá, ilẹ̀ Ṣáínà ló dé yẹn. Lóde òní, abẹ́ Àríwá Kòríà ni Hoeryong wà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bí i, Kòríà kò tíì pín sí méjì. Ọba ló ń ṣàkóso gbogbo rẹ̀, bàbá Na sì ti ṣe iṣẹ́ ológun lábẹ́ ìjọba ọba náà.

Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí Japan gba Kòríà mọ́ tirẹ̀ lọ́dún 1910. Láti ọjọ́ náà, gómìnà tí wọ́n rán wá láti Japan ló ń pàṣẹ. Àwọn ọlọ́pàá Japan wà káàkiri ìlú, wọ́n ń ṣọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ, ohun tí wọ́n ń kọ àti ibi tí wọ́n ń pé jọ sí. Ilẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Nígbà tí Na ṣì kéré, wọ́n ń ṣe ojú irin láti ìlú Cheongjin wá sí Hoeryong. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti apá gúúsù máa ń kọ orin kan bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Arirang lorúkọ orin náà. Orin ìbílẹ̀ ni, oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n sì ń gbà kọ ọ́ láti agbègbè kan sí òmíràn. Orin ẹni tó ń ré òkè kọjá, tó ń fi olólùfẹ́ sílẹ̀ lọ, ni. Ọmọ náà gbọ́ ọ, kò sì gbàgbé. Àgbàlagbà ló ti dà kó tó mọ ohun tó máa fi ṣe.

Ẹ̀wọ̀n kó tó di sinimá

Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹta, ọdún 1919, àwọn ará Kòríà jáde káàkiri orílẹ̀-èdè náà, wọ́n ń pariwo pé àwọn fẹ́ òmìnira. Àwọn ọmọ ilé ìwé wà lára wọn, Na náà sì wà níbẹ̀. Japan fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kú, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́wọ̀n. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í wá Na, ńṣe ló ré odò Tumen kọjá.

Ní òdìkejì odò, ó bá àwọn tó ń jà fún òmìnira pàdé, ó sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Lára ète tí wọ́n ń pa ni láti ba ojú irin Cheongjin sí Hoeryong yẹn jẹ́, níbi tó ti gba inú òkè kọjá, kí àwọn ọmọ ogun Japan má bàa rí ọ̀nà gbà wá. Ẹ ò rí i pé ojú irin kan náà tó ti kọ́ orin Arirang ni.

Ète náà kò wá sí ìmúṣẹ. Na padà sí Kòríà, ó wọ ilé ìwé ní Seoul, àṣé àwọn ọlọ́pàá ò tíì gbàgbé rẹ̀. Wọ́n mú un, ó sì lo nǹkan bí ọdún méjì lẹ́wọ̀n ní Cheongjin. Ọdún 1923 ló jáde. 

Báwo ló ṣe di òṣèré?

Ní ọdún 1924, ẹgbẹ́ onítíátà kan tó ń jẹ́ Yerimhoe wá ṣeré ní Hoeryong. Na tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà tú ká, ó gba ìlú Busan lọ ní gúúsù pátápátá, níbi tí àwọn oníṣòwò Japan ti dá ilé iṣẹ́ fíìmù sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Joseon Kinema.

Wọn ò tètè gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Na kò ga, kò sì ní irú ẹwà tí wọ́n ń wá lára ọkùnrin tó máa ṣe olórí eré. Ipò ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n fún un. Nínú fíìmù Unyeongjeon lọ́dún 1925, ọ̀kan lára àwọn tó ń ru ìjókòó ọlọ́lá ni wọ́n fi í ṣe. Ẹni tó bá ṣẹ́jú lè má rí i rárá.

Ṣùgbọ́n Yun Baek-nam tó darí fíìmù náà ti rí nǹkan lára rẹ̀. Nígbà tí Yun kúrò láti lọ dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Na bá a lọ. Ọdún 1925 yẹn kan náà ni wọ́n ṣe Simcheongjeon, ìtàn àtayébáyé nípa ọmọbìnrin kan tó ta ara rẹ̀ fún àwọn atukọ̀ pé kí wọ́n fi òun rúbọ sí òkun, kí ojú bàbá rẹ̀ tó fọ́ lè là. Na ló ṣe bàbá afọ́jú náà. Ọmọ ọdún méjìlélógún sí mẹ́tàlélógún ni, ó sì ṣe arúgbó débi pé àwọn tó wò ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn fíìmù kan tó tún ṣe lọ́dún 1926, ó sọ pé òun ní ìtàn kan tí òun fẹ́ ṣe fúnra òun.

Arirang

Oníṣòwò Japan kan tó ń ta fìlà ní Seoul ló ní ilé iṣẹ́ tó ṣe fíìmù náà. Owó Japan, ẹ̀rọ Japan, ṣùgbọ́n ìtàn ọmọ Kòríà. Na ló kọ ọ́, òun náà ló sì ṣe olórí eré. Orúkọ ará Japan kan ni wọ́n kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdarí. Àwọn kan gbà pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kí fíìmù náà lè rọrùn fún àwọn aláṣẹ láti fọwọ́ sí, àwọn onímọ̀ kan sì ṣì ń jiyàn lé e lórí títí dòní. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbà pé Na ló darí ohun gbogbo.

Ìtàn náà kò le. Yeong-jin jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí orí rẹ̀ ti dà rú. Ó ń rìn kiri abúlé, àwọn ọmọdé ń sá tẹ̀ lé e. Fíìmù náà kò lè sọ gbangba pé ìyà tí àwọn aláṣẹ fi jẹ ẹ́ ló sọ ọ́ di wèrè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wò ó tí kò mọ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ gbèsè. Ẹni tó ń bá ọlọ́rọ̀ abúlé gba owó ni Oh Gi-ho, ọmọ Kòríà tó ń bá ọlọ́pàá Japan ṣe, ojú rẹ̀ sì wà lára àbúrò Yeong-jin obìnrin, Yeong-hui. Lọ́jọ́ tí gbogbo abúlé ń ṣe ayẹyẹ ìkórè, Oh wọlé láti fipá bá ọmọbìnrin náà lò pọ̀. Yeong-jin fa dòjé yọ, ó sì pa á.

Bó ṣe rí ẹ̀jẹ̀, ńṣe ni orí rẹ̀ wálẹ̀. Wèrè tó wà lára rẹ̀ lọ, àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn náà ni wọ́n dè lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí apààyàn. Àwọn ọlọ́pàá mú un gba orí òkè lọ, àwọn ará abúlé dúró, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń kọ orin Arirang.

Na ló ṣe Yeong-jin. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún, Shin Il-seon, ló ṣe Yeong-hui, ọjọ́ kan náà ló sì di ìlú mọ̀ọ́ká.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Danseongsa

Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹwàá, ọdún 1926 ni wọ́n kọ́kọ́ fi Arirang hàn, ní ilé sinimá Danseongsa ní Seoul. Kó tó di ọjọ́ náà rárá ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ orin náà sórí ìwé ìpolówó pélébé, àwọn aláṣẹ sì gba ìwé náà lọ torí wọ́n ní ẹsẹ orin kan níbẹ̀ lè ru àwọn èèyàn sókè.

Ó yẹ ká rántí bí wọ́n ṣe ń wo sinimá nígbà náà. Fíìmù kò ní ohùn. Ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní byeonsa ló máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun, táá máa sọ ìtàn náà bó ṣe ń lọ. Òun ló ń sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin, òun ló ń sọ̀rọ̀ bí obìnrin, òun ló ń sunkún, òun ló ń rẹ́rìn-ín. Byeonsa tó bá mọṣẹ́ lè lókìkí ju òṣèré lọ. Àwọn onílù àti onífèrè sì wà níwájú, wọ́n ń ṣeré lọ ní tiwọn.

Àǹfààní kan wà nínú èyí tí àwọn ará Japan ò lè fi bẹ́ẹ̀ dí. Wọ́n lè gé fíìmù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu kò ṣeé gé. Ọlọ́pàá máa ń jókòó sínú gbọ̀ngàn láti máa ṣọ́ byeonsa. Bí ọlọ́pàá bá wà nítòsí, byeonsa á sọ ọ́ ní ìtàn ìjà lásán láàrin wèrè kan àti agbowó gbèsè. Bí ojú ọlọ́pàá bá kúrò, á jẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ ẹni tí Oh Gi-ho dúró fún gan-an.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń mú Yeong-jin lọ, tí orin bẹ̀rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Ẹni tó ń sunkún ń sunkún, ẹni tó ń kọrin ń kọ ọ́. Wọ́n gbé fíìmù náà láti ìlú dé ìlú, ọdún lórí ọdún. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ orin náà nínú fíìmù ni ọ̀pọ̀ èèyàn káyé mọ̀ sí Arirang lónìí. Orin tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ń kọ di orin gbogbo orílẹ̀-èdè.

Òkìkí dé, owó dé, wàhálà náà dé

Lẹ́yìn Arirang, Na kò sinmi. Punguna jáde kí ọdún 1926 tó parí. Lọ́dún 1927, ó ṣe Deuljwi, àwọn aláṣẹ sì gé e. Ó ṣe Geumbungeo. Lọ́dún kan náà ló kúrò lọ́dọ̀ oníṣòwò Japan, ó sì dá ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọdún 1928, ó padà sí àgbègbè tí wọ́n ti bí i láti ṣe fíìmù nípa àwọn tó ń ré odò Tumen kọjá. Orúkọ odò náà ló fẹ́ fi pe fíìmù náà. Àwọn aláṣẹ ní rárá, torí wọ́n mọ ohun tí ìréodò túmọ̀ sí létí ọmọ Kòríà. Ó di dandan kó yí orúkọ rẹ̀ padà sí ohun tó túmọ̀ sí wíwá ìfẹ́ kiri. Lọ́dún 1929, ó ṣe ìtàn Samnyong, ìránṣẹ́ odi kan tó nífẹ̀ẹ́ ìyàwó ọ̀gá rẹ̀, láti inú ìwé Na Do-hyang. Fíìmù yẹn wà lára àwọn tí wọ́n yìn jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà kò pẹ́. Na mọ owó ná ju bó ṣe mọ̀ ọ́n kó jọ lọ. Ó fẹ́ràn fàájì, ó fẹ́ràn obìnrin, ilé rẹ̀ kò sì rójú. Àwọn tó bá a bẹ̀rẹ̀ kúrò lẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di ọdún 1930, kò ní ilé iṣẹ́ mọ́. Ó kópa nínú apá kejì Arirang lọ́dún náà, àwọn òǹkọ̀wé ìwé ìròyìn sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ onítíátà rìn kiri kó lè rówó jẹun.

Ohun tó wá dun àwọn èèyàn jù ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1931. Na gbà láti ṣeré nínú Geumganghan, fíìmù tí ará Japan darí. Ọ̀daràn tó ń ba obìnrin jẹ́ ni wọ́n fi í ṣe. Ẹni tó fi dòjé pa Oh Gi-ho lójú gbogbo ayé ló wá gba owó ará Japan láti ṣe irú èèyàn bẹ́ẹ̀! Ọ̀rọ̀ náà ká àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ lára gan-an. Àwọn kan ní iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, wọ́n ní ó ti ta ara rẹ̀. Ní tòótọ́, kò sówó lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti sunkún ní Danseongsa kò ka ìyẹn sí àwíjàre.

Ọkọ̀ tí kò ní atukọ̀

Ọ̀dọ́ olùdarí kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lee Gyu-hwan ló fún un láǹfààní láti padà. Lọ́dún 1932, ó ń múra láti ṣe fíìmù àkọ́kọ́ rẹ̀, ó sì ní Na lòun fẹ́. Na fá irun orí rẹ̀ kodoro, ó sì gba iṣẹ́ náà.

Orúkọ fíìmù náà túmọ̀ sí ọkọ̀ ojú omi tí kò ní olówó. Na ṣe Chun-sam, àgbẹ̀ tó wá sí Seoul láti máa fi ọwọ́ fa kẹ̀kẹ́ èrò. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bímọ, kò sí owó ilé ìwòsàn, ó jalè, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Nígbà tó jáde, ìyàwó ti bá ọkùnrin mìíràn lọ. Ó gbé ọmọbìnrin rẹ̀, ó padà sí abúlé, ó ń fi ọkọ̀ gbé èrò sọdá odò. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá, wọ́n wá ṣe afárá ojú irin sórí odò náà. Ta ló tún máa wọ ọkọ̀ rẹ̀? Àtijẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ojú irin kan tún fẹ́ fipá bá ọmọ rẹ̀ lò pọ̀. Bàbá náà gbé àáké, ó pa á, ó sì sáré lọ sórí afárá láti máa gé ojú irin. Ọkọ̀ rélùwéè ló pa á. Iná jó ilé mọ́ ọmọ rẹ̀ lórí. Ọkọ̀ òfìfo nìkan ló kù lójú omi.

Moon Ye-bong, tó ṣe ọmọ náà, di ọ̀kan lára àwọn òṣèré obìnrin tó lókìkí jù ní Kòríà. Ní ti Na, àwọn tó ti kẹ̀yìn sí i tún yíjú padà. Wọ́n rí i pé òṣèré tí àwọn mọ̀ rí ṣì wà níbẹ̀.

Ikọ́ ife

Lọ́dún 1935, fíìmù Kòríà àkọ́kọ́ tó ní ohùn jáde, iṣẹ́ byeonsa sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Na fẹ́ bá ìgbà mu. Ó ṣe apá kẹta Arirang pẹ̀lú ohùn lọ́dún 1936, kò sì kẹ́sẹ járí bó ṣe fẹ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, ikọ́ ife ti mú un. Kò sí oògùn tó ń wo àìsàn náà sàn nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà kó sinmi. Lọ́dún 1937, ó darí Omongnyeo, ìtàn tí òǹkọ̀wé Yi Tae-jun kọ nípa ọmọbìnrin kan létí òkun. Kò ṣeré nínú rẹ̀, ara rẹ̀ ò gbé e mọ́. Ṣùgbọ́n fíìmù náà dára, àwọn èèyàn sì sọ pé Na ti padà sípò gẹ́gẹ́ bí olùdarí.

Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹjọ, ọdún 1937, Na Woon-gyu kú ní Seoul. Ó ku ọdún mẹ́jọ kí Kòríà tó bọ́ lọ́wọ́ Japan.

Fíìmù náà dà?

Wọ́n ti tún Arirang ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n tiẹ̀ ṣe fíìmù nípa ìgbésí ayé Na fúnra rẹ̀ lọ́dún 1966. Láti ọdún 1990, àmì ẹ̀yẹ sinimá kan ti wà ní Gúúsù Kòríà tó ń jẹ́ Chunsa, orúkọ ìnagijẹ tí Na fi ń kọ̀wé. Lọ́dún 1993, ìjọba Gúúsù Kòríà fún un ní oyè àwọn tó jà fún òmìnira. Àríwá Kòríà, níbi tí ìlú rẹ̀ wà, náà ń bọlá fún un. UNESCO fi orin Arirang sára àwọn ogún àṣà àgbáyé fún Gúúsù lọ́dún 2012, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Àríwá lọ́dún 2014. Nǹkan tí àwọn méjèèjì jọ gbà pé ó jẹ́ tiwọn kò pọ̀.

Ọjọ́ 27, oṣù Kẹwàá, tí wọ́n bí i, ni wọ́n tún fi ṣe ọjọ́ sinimá ní Gúúsù Kòríà. Kì í ṣe tìtorí rẹ̀ o. Ọjọ́ yẹn lọ́dún 1919 ni wọ́n kọ́kọ́ fi iṣẹ́ sinimá tí ọmọ Kòríà ṣe hàn, ní Danseongsa yẹn kan náà.

Àmọ́ fíìmù Arirang ti ọdún 1926 kò sí mọ́. Ogun Kòríà tó jà láàrin ọdún 1950 sí 1953 ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́, àwọn fíìmù àtijọ́ kò sì lágbára tẹ́lẹ̀. Fíìmù Kòríà aláìlóhùn tó pẹ́ jù tí wọ́n ṣì ní lọ́wọ́ jẹ́ ti ọdún 1934. Ọkùnrin kan ní Osaka tó ń kó fíìmù jọ sọ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé Arirang wà lára ẹrù òun, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó. Nígbà tó kú lọ́dún 2005, wọ́n tú ẹrù náà wò, wọn ò bá a níbẹ̀.

Àwòrán díẹ̀ ló ṣẹ́ kù, pẹ̀lú ohun tí àwọn ìwé ìròyìn kọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tó wò ó, àti orin náà. Òkè kan wà ní àdúgbò Seongbuk ní Seoul tí wọ́n ń pè ní òkè Arirang. Wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ya ìparí fíìmù náà, níbi tí wọ́n ti mú Yeong-jin lọ.